Ìyá Mi Ló Ń Jókòó Sí Àyè Mi Ní Ọjọ́bọ̀

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní kí n lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ ni mo lò. Kí ẹni tó bá máa ka ọ̀rọ̀ mi yìí ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Kò sí ẹni tó tì mí. Kò sì sí ẹni tó tàn mí ju bí mo ṣe tan ara mi lọ.

Mi ò kàwé púpọ̀. Kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo dé tí bàbá mi fi kú. Mo lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ṣàgámù, lápá Ibido, mi ò sì kọ́ ọ parí. Nígbà tí mo padà sí Ìròlú, ọ̀kadà ni mo ń bá wọn tún ṣe, mo sì ń ro oko gbágùúdá tí bàbá mi fi sílẹ̀. Oko náà ju agbára mi lọ. Ìdajì rẹ̀ máa ń wà nínú igbó.

Ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ kan tí obìnrin mẹ́rìnlá dá sílẹ̀. Àáró ni wọ́n ń ṣe. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn á kóra jọ sórí iṣẹ́ ẹnì kan. Bó bá jẹ́ oko ni, wọ́n á bá a ro ó. Bó bá jẹ́ gbágùúdá ni, wọ́n á bá a bó o, wọ́n á bá a rin ín, wọ́n á bá a yan án di gààrí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kan ẹlòmíràn. Ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ ni pé nínú gààrí ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ń tà á ní Ìsarà, èrè rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gba nọ́ọ̀sì kan tó ń wá wo àwọn aboyún ìlú wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ èyí, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni obìnrin ń jókòó sí lọ bímọ, nínú ọ̀nà tó kún fún kòtò.

Ìyá Dẹ̀lé ni olórí wọn. Obìnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èdè Rẹ́mọ àtijọ́ ló sì ń sọ, débi pé àwa ọ̀dọ́ máa ń ní kó tún un sọ. Kì í tún un sọ.

Ìjọba ológun ìgbà náà gbé ètò kan kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣòwò kí ìlú lè jẹ nínú èrè rẹ̀, ìjọba á ràn wọ́n lọ́wọ́ kí òwò náà lè gbòòrò, á sì kọ́ wọn níṣẹ́. Ọ̀gá kan wá láti Abẹ́òkúta pẹ̀lú ọkọ̀ ìjọba. Ó wo ibi tí àwọn obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ó wo pátákó tí orúkọ nọ́ọ̀sì wà lára rẹ̀, orí rẹ̀ sì wú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá wá fún wọn, èyí tí ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì. Ìpele kìíní nìyẹn. Ìpele kejì ni ilé tí wọ́n á ti máa yan gààrí, kànga ẹ̀rọ, àti yàrá kan fún nọ́ọ̀sì kó má baà máa wo aboyún lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹni ẹlẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n kí ìpele kejì tó dé, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan tí ìjọba á kọ́ ní ìtọ́jú ẹ̀rọ àti bí a ṣe ń ṣètò iṣẹ́. Ẹni náà á padà wá, á kọ́ ẹni méjì mìíràn. Ọ̀gá á wá fi ojú ara rẹ̀ rí wọn.

Ẹni tó yẹ kí wọ́n yàn ni Bísí. Ìyàwó ilé kan ni, ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra, òun ló kéré jù nínú ẹgbẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé, ó wo bí dírẹ́bà ṣe ń yí i tó fi ṣiṣẹ́, láti ọjọ́ náà òun ló ń tan án fún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ohun tí a ń rán obìnrin lọ kọ́ ní ìlú mìíràn, àti pé èmi ti mọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin mẹ́tàlá ló dárúkọ mi. Bísí nìkan ló dákẹ́.

Wọ́n wá ṣe ohun kan tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n kọ orúkọ mi sínú àáró, èmi ọkùnrin kan ṣoṣo láàárín wọn, wọ́n sì ní tèmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Nínú àáró, oko tó bá wà nínú igbó jù ni wọ́n sábà máa fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo oṣù tí mo fi wà ní Abẹ́òkúta, tí mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, oko bàbá mi ni wọ́n ń ro. Wọ́n gbin gbágùúdá kún un. Wọ́n fi iṣẹ́ ara wọn sílẹ̀ de tèmi. Àdéhùn ni pé tí mo bá dé, èmi náà á máa wá ní Ọjọ́bọ̀, mo máa kọ́ ẹni méjì, mo sì máa bó, mo máa rù, bí gbogbo wọn. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ nínú àáró ló rọrùn jù fún láti sá lọ. A kì í rò ó, torí pé mi ò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìròlú.

Ní ìparí ẹ̀kọ́, ìjọba yan àwa mẹ́ta tí ọwọ́ wa já fáfá jù láti lọ fi oṣù mẹ́ta kún un nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n tó jẹ́ kí n lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró fún mi pé mo máa padà. Ìyá Dẹ̀lé ló tẹ ìka rẹ̀ sínú íǹkì. Ó nu ìka náà mọ́ ìró rẹ̀, ó ní kí n lọ kọ́ ọ dáadáa.

*

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni òtútù. Kò dà bí ọyẹ́. Ọyẹ́ ń kọjá lọ ni, èyí wọlé ó sì jókòó tì ọ́. Birmingham ni wọ́n mú wa lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀ káàárọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀. Ìyá arúgbó kan nìkan ló dá mi lóhùn. Ó ní kí n má bínú, òun ò mú owó dání.

Olùkọ́ wa ní kí a máa pe òun ní orúkọ tí ìyá òun sọ òun. Ọkùnrin tó lè bí bàbá mi. Mi ò lè pè é. Fún oṣù mẹ́ta, ńṣe ni mo ń dúró títí yóò fi wo apá ọ̀dọ̀ mi kí n tó bi í ní ìbéèrè. Ó rò pé mo ń tijú. Ó kọ́ wa dáadáa ṣá, kò fi ohunkóhun pamọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a padà, Ràímì, ọmọ Ìlọrin tí a jọ lọ, sọ fún mi pé òun ò lọ mọ́. Ó ní ṣé mo rí bí epo ṣe wọ́n nílé, ṣé mo rí àwọn tó kàwé tí wọn ò ríṣẹ́. Mo sọ fún un pé àwọn obìnrin mẹ́rìnlá ń retí mi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ti ń yan gààrí kí wọ́n tó bí ẹ," ló wí. "Wọ́n á máa yan án lọ."

Mo bínú sí i lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú tèmi. Mo ní ọdún kan péré ni. Mo ní tí mo bá fi ọdún kan ṣiṣẹ́, mo máa ra ẹ̀rọ tó ju tìjọba lọ, mo máa gbé e wọ Ìròlú, gbogbo wọn á dárí jì mí. Ẹ wò ó, mo ti ń rí bí wọ́n ṣe máa máa pàtẹ́wọ́. Bí mo ṣe tan ara mi nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹnì kẹta wa lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, yàrá Ràímì ni mo wà, mo pa tẹlifísọ̀n, mo sì jókòó.

*

Iṣẹ́ tí mo rí ni iṣẹ́ pòtétò. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni, wọ́n ń bó pòtétò, wọ́n ń gé e, wọ́n ń kó o fún àwọn tó ń dín in tà. Àwa mẹ́jọ ló wà nídìí rẹ̀. Omi tútù ni a ń ki ọwọ́ bọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ọmọ Jamaica kan tó ń jẹ́ Winston ni ọ̀gá wa, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó máa ń kọrin ìjọ sínú imú. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kìíní pé mo ti mọ iṣẹ́ yìí láti ilé. Ó ní pòtétò wà ní ilé wa ni? Mo ní rárá, gbágùúdá ni. Ó ní wọ́n ń jẹ ẹ́ ní ọ̀dọ̀ tiwọn náà. Inú mi dùn ní gbogbo ọjọ́ náà torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

Láti pe ilé, mo gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà síwájú, kí n dá ọjọ́ àti wákàtí. Ìyá mi á gun ọ̀kadà láti Ìròlú dé Ìsarà, á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì kan tó ní tẹlifóònù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pè, ó ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀.

"Ṣé o ti jẹun?" ni ohun àkọ́kọ́ tó sọ.

Mo ní mo ti jẹun. Mo wá sọ fún un pé mi ò tíì lè wálé, pé ó máa tó ọdún kan. Mo ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ tó ń kọjá ní Ìsarà. Nígbà tó yá ó ní, "Ó dáa." Bí ẹni pé mo ní mo fẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ odò kí n padà. Kò bá mi wí. Mo ti múra ìbáwí sílẹ̀, mo ti ní èsì rẹ̀ lẹ́nu, mi ò sì ríbi sọ ọ́.

Lẹ́tà Bísí ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òun ló máa ń kọ̀wé fún ẹgbẹ́. Ó kọ ọ́ bí ẹni ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kò fi tirẹ̀ kún un. Ó ní ọ̀gá láti Abẹ́òkúta ti wá. Ó jókòó lábẹ́ igi, ó béèrè mi. Ìyá Dẹ̀lé dìde, ó ní mi ò tíì dé. Ọ̀gá ní òun mọ̀ pé mi ò tíì dé, ìdí tí òun fi wá nìyẹn. Ó fi ìwé tí Ìyá Dẹ̀lé tẹ ìka sí hàn án níwájú gbogbo ènìyàn. Kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn ní ẹgbẹ́ tí kò lè mú ẹni tirẹ̀ wálé, ìjọba ò lè fi ilé àti kànga lé e lọ́wọ́. Wọ́n gbé ìpele kejì lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ̀rọ náà ti kọṣẹ́, wọ́n sì ti padà sídìí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ rin gbágùúdá lára rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ṣì wà.

Ìlà tó gbẹ̀yìn lẹ́tà náà ni mo kà jù. "Màmá yín ló ń jókòó sí àyè yín ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ń ṣe tiwọn, wọ́n sì ń ṣe tiyín."

Àáró kì í dúró de ẹni tó rìnrìn àjò. Bí ẹnì kan kò bá lè wá, ará ilé rẹ̀ á wá dípò rẹ̀. Bí àwọn yòókù bá bó apẹ̀rẹ̀ kan, ìyá mi ń bó méjì. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà.

*

Mo fi owó ránṣẹ́. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn tí ọkàn wa kò bá balẹ̀. Mo fún obìnrin ará Ìkẹ́nnẹ́ kan tó ń lọ sílé, mo kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára àpò ìwé, mo ní kí wọ́n fi gba ẹni tó máa tún ẹ̀rọ ṣe. Nígbà tó padà dé lẹ́yìn oṣù kan, ó gbé àpò ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Wọn ò ṣí i. Ó ní màmá gíga kan ní kí òun sọ fún mi pé iṣẹ́ ni wọ́n bá mi ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin ará Ìkẹ́nnẹ́ náà ò mọ ohun tó túmọ̀ sí, ó ń bi mí bóyá wọ́n ń bá mi jà ni. Mo ní rárá o, bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọdún kejì, ẹ̀rọ tí ń bó pòtétò dúró ní ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù. Ẹni tí wọ́n máa ń pè kò lè wá títí di ọjọ́ kejì. Winston ń rìn lọ rìn bọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó. Mo tú ìdérí rẹ̀, mo fi etí sí i, mo ní kó tan án díẹ̀, kó pa á. Irin kan ti jẹ, òun ló ń mú kí bẹ́líìtì máa yọ̀. Mo wá nǹkan há a títí a fi rí irin mìíràn. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ hó yèè, ọ̀kan lára wọn gbá mi lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi mí sídìí ìtọ́jú ẹ̀rọ, mi ò ki ọwọ́ bọ omi tútù mọ́. Mi ò ní parọ́, orí mi wú. Mo rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Winston bi mí ní ọjọ́ náà pé, "Ta ló kọ́ ẹ?"

Mo ní, "Ìjọba wa ni."

"Ìjọba yín ṣe dáadáa o. Kí ló dé tí wọn ò mú ẹ sọ́wọ́ ara wọn?"

Ó ń ṣe àwàdà ni. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo wọ ilé ìyàgbẹ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Irin tó jẹ lára ẹ̀rọ pòtétò yẹn, irú rẹ̀ náà ló wà lára ẹ̀rọ tiwa. Mo mọ̀ dájú pé ohun kan náà ló ń ṣe é. Ọwọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fi oko ara wọn sílẹ̀, òun ni mo fi ń jẹ́ kí àwọn ará Birmingham rí pòtétò jẹ.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ ń sọ pé a ò sí nílé, a ò sí níbí. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìkẹ́dùn, bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi mọ ibi tí mo ti wá dáadáa. Àyè mi wà níbẹ̀, lórí àpótí kékeré kan nídìí òkìtì gbágùúdá, kò tíì ṣófo lọ́jọ́ kan. Ẹlòmíràn ló ń jókòó sí i. Bí mo bá ń rìn lọ ní òpópónà ní Ọjọ́bọ̀, tí òjò ń pa mí, mo lè sọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní wákàtí yẹn: wọ́n ń bó, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ń rin ín. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù nínú ọ̀sẹ̀, mo lè fara dà á. Ọjọ́bọ̀ ni mi kì í lè jẹun ọ̀sán.

Ó sì wá di ọdún kẹta. Mo ra kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin àti rẹ́díò tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi, mo jókòó sí yàrá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Bísí ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní kó pa á ná, kó yọ bẹ́líìtì, kó ka nọ́ọ̀tì tó bá yọ kó sì tò wọ́n sórí aṣọ funfun bí wọ́n ṣe jáde. Mo sọ ohùn tí irin tó jẹ máa ń dún. Mo fi ẹnu mi ṣe é, nínú yàrá, èmi nìkan, *gbrr, gbrr*, títí ẹni tó wà ní yàrá kejì fi kan ògiri. Ní ìparí kásẹ́ẹ̀tì kẹrin, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní òun ló yẹ kí wọ́n rán.

Mo fi wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú irin tuntun kan, mo sì dá ọjọ́ tí mo máa pè.

Ìyá Dẹ̀lé fúnra rẹ̀ ló gbé tẹlifóònù ní Ìsarà. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú tẹlifóònù létí, bí ẹni pé ó ń rí mi.

Ó ní wọ́n ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹgbẹ́ ló jókòó gbọ́ ọ, àwọn kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín níbi tí mo ti ń dún bí ẹ́ńjìnnì. Bísí tú ẹ̀rọ palẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó ti ń ṣiṣẹ́.

Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹ ṣé o, mà. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí màmá mi sinmi báyìí?"

"Kásẹ́ẹ̀tì ò bó gbágùúdá," ló wí.

Mo fi orí kan kápẹ́ẹ̀tì. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Má rò pé àwa la mú un jókòó. A ti ní kó máa lọ sílé. Lẹ́ẹ̀mẹta la ti sọ ọ́. A ní a máa yọ orúkọ ẹ kúrò, kó parí síbẹ̀. Ó ní bí a bá yọ ọ́, kí a yọ tòun náà. Òun rè é, ẹ jọ sọ ọ́."

Ìyá mi gba tẹlifóònù. Ó tún bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ mọ́. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ mi, mi ò bínú. Ó ní ẹ̀yìn òun ń dun òun díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Ó ní páànù ti bó òun lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti wà báyìí, yóò san.

"Bí mo bá dìde, wọ́n á fi ẹlòmíràn síbẹ̀," ló wí. "Níbo ni wàá wá jókòó sí tí o bá dé?"

Káàdì tí mo fi ń pè tán lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

*

Kì í ṣe ọjọ́ náà ni mo lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo jẹ́ ọmọ tó dáa tó bẹ́ẹ̀. Ó tún gbà mí ju ọdún kan lọ. Mi ò ní ìwé ìgbélùú, mo sì mọ̀ pé tí mo bá jáde, mi ò ní wọlé mọ́. Winston ní agbẹjọ́rò kan wà tó lè bá mi ṣe é, pé kí n ní sùúrù. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń ní sùúrù, ìyá mi ń bó apẹ̀rẹ̀ méjì. Ọjọ́ kan, agbẹjọ́rò ní ó máa tó ọdún méjì sí i. Mo gbé kálámù láti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, mo sì tún gbé e kalẹ̀. Mo ka Ọjọ́bọ̀ tó wà nínú ọdún méjì lórí ìjókòó níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde. Ràímì ní orí mi ti dàrú. Winston bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun náà máa ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀ ni òun máa lọ sílé, láti ọgbọ̀n ọdún.

Mo pè sí Ìsarà pé mò ń bọ̀. Ìyá Dẹ̀lé ní kí n má wá kí òun nílé. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni kí n wá, kí n sì mú ọ̀bẹ dání.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo dé. Ní Ọjọ́rú, dípò kí n jókòó jẹ́ẹ́, mo lọ sí Abẹ́òkúta. Mo rò pé bí mo bá fara hàn fún ọ̀gá ìjọba, tí mo sì bẹ̀bẹ̀, mo lè rí nǹkan mú wá fún wọn, kó má jẹ́ ọwọ́ lásán ni mo mú wọ àárín wọn. Ọ̀gá náà ṣì wà níbẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Ó mọ̀ mí. Kò bínú, ó ní kí n jókòó. Ó ní wọ́n ti pa ètò náà rẹ́, wọ́n ti dá òmíràn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, òun náà kò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa pa èyí rẹ́. Ó ní ẹgbẹ́ tiwa ló dáa jù nínú gbogbo èyí tí òun rí nígbà náà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe rìn débi ọkọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo tẹ̀ lé ìyá mi. Ó ti tẹ̀ ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ, ìka rẹ̀ méjì kò ká mọ́ dáadáa. Àwọn obìnrin náà ti jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn lórí ilẹ̀ tó tutù. Wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n ní pẹ̀lẹ́, wọ́n ní káàbọ̀, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹnì kan ní mo ti pọ́n o, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń wo aboyún kan lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní iwájú wa, ó fi aṣọ bo ibẹ̀.

Bísí ló tan ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló yí i. Mo gbọ́ ohùn kan nínú rẹ̀ tí mi ò fẹ́ràn, mo sì dìde láti lọ wò ó.

"Bísí ló ń mójú tó ìyẹn," ni Ìyá Dẹ̀lé wí láì gbé ojú sókè. "Ìwọ jókòó, kí o bó."

Bísí ti gbọ́ ohùn náà kí n tó gbọ́ ọ. Ó ti pa á, ó ti ń tú u.

Mo jókòó. Mo ní kí ìyá mi máa lọ sílé, mo ti dé. Ó ní òun ń bọ̀, ó sì fa apẹ̀rẹ̀ kan mọ́ra, ó ń bó o lọ ní ẹ̀gbẹ́ mi. Kò dìde títí àárọ̀ fi kọjá. Ọ̀bẹ mi ti gé mi lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi ti rọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. Nígbà tó yá, mo bi Ìyá Dẹ̀lé, pẹ̀lú ohùn kékeré, pé Ọjọ́bọ̀ mélòó ló kù fún mi.

Ó bó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó jù ú sínú omi.

"Mi ò kà á," ló wí. "Bi ìyá ẹ."

Mo wo ìyá mi. Ó nawọ́ mú gbágùúdá mìíràn. Òun náà kò kà á.